Ìdìmú Àtẹ̀gùn Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ Ni

Jórinjórin ni mí. Iṣẹ́ irin ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Géètì, irin ojú fèrèsé, ìlẹ̀kùn irin àti ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ níbi iṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ àti nínú ilé Ọlọ́run. Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀gá kan pè mí sí ilé alájà mẹ́ta kan tó ń kọ́ láti fi ṣe ọ́fíìsì. Mo wọn gbogbo iṣẹ́ irin ibẹ̀, mo sì kọ iye tó máa ná an sínú ìwé. Nígbà tó rí i, ó ní owó náà ti pọ̀ jù. Ó ní kí n ṣe géètì, kí n ṣe irin fèrèsé, kí n fi ìdìmú àtẹ̀gùn sílẹ̀ ná, pé tí ọwọ́ òun bá dẹ̀ òun á pè mí padà. Ó ní olè ni òun ń bẹ̀rù, àtẹ̀gùn kì í jalè. A jọ rẹ́rìn-ín. Nítorí pé mo ń wá iṣẹ́, n kò bá a jiyàn. Mo ṣe èyí tó ní kí n ṣe, mo gba owó mi, mo lọ. Kò pe èmi padà, kò sì pe jórinjórin mìíràn. Ṣùgbọ́n ó rówó ra táìlì tó ń dán, ó sì fi tẹ́ àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Arábìnrin kan nínú ìpàdé wa ló wá gba iṣẹ́ agbálẹ̀ níbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, iná ti lọ, ó gbé korobá omi dání lọ́wọ́ kan, ó di ìgbálẹ̀ àti àkísà mú lọ́wọ́ kejì, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ju korobá nù, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó lè rí nǹkan dì mú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bá a, eegun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ọ̀gá yẹn fún un lówó ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kó lọ gbàdúrà dáadáa, pé àwọn ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kí oṣù tó parí, ó ti gba agbálẹ̀ mìíràn. Àwa náà lọ kí arábìnrin wa láti ìpàdé, a yí ibùsùn rẹ̀ ká, a bá gbogbo ọ̀tá tó tì í ṣubú wí. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo mọ ibi tí irin yẹn ìbá wà. Mo mọ iye owó tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé mi. Síbẹ̀, mo ṣe "Àmín" bíi ti gbogbo èèyàn. Arábìnrin yẹn ń fi ọ̀pá rìn títí di òní.

Gbèsè onílé kì í ṣe ti Sátánì

N kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí èèyàn bá jẹ gbèsè, kí á má kọ orúkọ Sátánì sí i. Ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn tí kò fi ìdìmú sí i jẹ gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ ní gbèsè. Nígbà tí a bá pe gbèsè náà ní iṣẹ́ ayé, a ti dá ajigbèsè sílẹ̀, a sì ti dá ẹni tó fara pa lẹ́bi, bí ẹni pé àdúrà rẹ̀ ni kò tó.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Deuteronomi orí 22, ẹsẹ̀ 8. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn èèyàn a máa rìn lórí rẹ̀, wọn a sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́run wá pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lọ́rùn ilé náà tí ẹnikẹ́ni bá já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ọlọ́run kò ní kí ẹni tó ń gun òrùlé máa gbàdúrà kó má ṣubú. Ọrùn ẹni tó ń kọ́lé ló gbé ẹrù náà kọ́. Kò sì ní kó dúró dìgbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ ṣubú. Ìgbà tí ilé ṣì wà ní tuntun ló ní kó ṣe é.

Òrùlé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, a kì í rìn lórí páànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sí Àgbádárìgì ní 1845, àtẹ̀gùn ti di ara ìgbé ayé wa díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣẹ yìí ti ń bá wa wí.

Àwọn kan á rán mi létí Eutiku, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn lójú fèrèsé nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù, tó já bọ́ láti òkè kẹta, tó sì tún yè. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20 kò pa àṣẹ Deuteronomi orí 22 rẹ́. Ọlọ́run tó ń jí òkú náà ló ní kí á ṣe ìgbátí.

Ohun tí òfin ìlú sọ

Kì í ṣe Bíbélì nìkan ló sọ ọ́. Ní Nàìjíríà, òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Factories Act wà láti 1987, ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004. Ó ní àtẹ̀gùn inú iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ lágbára, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní ìdìmú tó dúró dáadáa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ̀gùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìdìmú gbọ́dọ̀ wà. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ṣí sílẹ̀, tàbí tí àtẹ̀gùn náà bá jẹ́ irú èyí tó tètè ń gbé èèyàn ṣubú nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tàbí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdìmú sí. Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ní irin mìíràn nísàlẹ̀ ìdìmú, tàbí ohun mìíràn tó lè dí i, kí èèyàn má bàa gba abẹ́ rẹ̀ já bọ́.

Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ òfin yẹn ti rí àtẹ̀gùn tí arábìnrin wa ti ṣubú: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan jáde ni òfin 1987 náà ń bá wí. Kò mẹ́nu kan ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2011 tó dá àjọ tó ń rí sí ààbò sílẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló lè gun gbogbo àtẹ̀gùn Èkó? Ẹ̀rí ọkàn ẹni tó ni ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò náà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba. Láti 1992 ni òfin ibi iṣẹ́ wọn ti ní kí ìdìmú wà lára àtẹ̀gùn tí òṣìṣẹ́ ń gbà, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́, ọ́fíìsì tàbí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àfi ibi tí ìdìmú náà bá máa dí ọ̀nà.

Ti Amẹ́ríkà ló wù mí jù gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí wọ́n fi ìwọ̀n sí i. OSHA, àjọ tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún, tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2016, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Wọ́n ní gíga ìdìmú láti ojú ìpele àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ wà láàárín íǹṣì 30 sí 38. Àlàfo láàárín ìdìmú àti ògiri kò gbọ́dọ̀ dín sí íǹṣì 2¼, kí ìka ọwọ́ lè ráyè wọlé. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, kó má gé èèyàn lọ́wọ́, kó má sì fa aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ lè gba agbára tó tó pọ́ùn 200, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 90. Ẹ̀yin tó ń ru sìmẹ́ǹtì á mọ ohun tí mò ń wí: ó kù díẹ̀ kó tó àpò méjì.

Ìdìmú tó ń tan ni jẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Kì í ṣe gbogbo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ni ìdìmú. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé kọnkéré pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó fẹ̀ débi pé ọwọ́ kò lè ká a. Tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ọwọ́ náà á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Òmíràn ní ẹnu ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, torí pé ọ̀gá fẹ́ kó dára lójú. Òmíràn, bóòtì méjì péré ni wọ́n fi dè é mọ́ táìlì, ẹni tó bá fara tì í, tòun tirẹ̀ ló ń lọ. Òmíràn ti tán kí ó tó ku ìpele méjì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti máa ń rò pé òun ti dé ilẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa oníṣẹ́ máa ń ṣe. A ó ti ri irin mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ táìlì. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì àti táìlì bá gorí ìpele, ìdìmú tó yẹ kó ga tó ìbàdí á wá rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí onílé tó máa mọ̀, àfi jórinjórin tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹrù. Ìdìmú kò wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Bí irin bá tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ arábìnrin wa, ó ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju korobá nù kó tó lè dì í mú. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe òdodo á jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pín ẹrù sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ọwọ́ kan lè ṣófo nígbà gbogbo. Àkókò díẹ̀ ló ń gbà, kí ọ̀gá má sì fi ariwo "Ṣe kíá!" lé e.

Àwáwí tí a máa ń ṣe

Àwáwí àkọ́kọ́ ni owó. Òótọ́ ni pé irin ti wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó ní òun kò lówó ìdìmú rí owó táìlì, ó rí owó ọ̀dà, ó sì rí owó ìṣílé. Kì í ṣe pé owó kò sí, ìdìmú ni a tò sẹ́yìn. Páìpù lásán tí a kùn ní ọ̀dà tó. Pákó líle tí a fá dáadáa tó. Kò di dandan kó máa kọ mànà. Tí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ìdìmú ṣáájú táìlì. N kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan kán lẹ́sẹ̀ nítorí pé àtẹ̀gùn kò ní táìlì.

Àwáwí kejì ni pé, "Ayálégbé ni wá, ilé kì í ṣe tiwa." Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì wa ló wà nínú ilé tí a gbà. Ṣùgbọ́n kí a tó san owó, a máa ń béèrè omi, a máa ń béèrè iná, a máa ń béèrè ibi tí mọ́tò máa dúró sí. Ẹ fi ìdìmú àtẹ̀gùn kún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Tí onílé bá kọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ ṣe é, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé.

Àwáwí kẹta ló burú jù: "A ti ń gba ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò ṣubú." Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ ẹni tí wọ́n máa fi kọ́gbọ́n?

Tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Láti 2010 ni Nàìjíríà ti ní òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí kò mọ sí iléeṣẹ́ nìkan, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, títí kan ọ́fíìsì. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ máa san owó sínú àpò àjọ NSITF, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Inú àpò yẹn ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú ti máa ń wá. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Tó bá kú, àwọn tó gbójú lé e ni yóò sọ ọ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé tí a fi ń béèrè owó náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé. Ẹ kọ déètì ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò àtẹ̀gùn náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ọsibítù.

Arábìnrin wa kò mọ èyí. Àwa tí a lọ kí i náà kò mọ̀ ọ́n. A mọ àdúrà, a kò mọ ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ó rọrùn láti bá àwọn ọ̀gá wí. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé tiwa. Ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ló ń gbálẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ló ń gbé ẹ̀rọ amóhùndún-gbẹ̀mù gun òkè, àwọn akọrin ń gbé ìlù, àwọn ìyá ń pọn ọmọ, àwọn bàbá wa tí orúnkún ń dùn ń fi ọwọ́ ra ògiri. Mo ti ka àtẹ̀gùn tó lọ sí gálárì wa. Ìpele 17 ni. Ògiri wà lápá kan, apá kejì ṣí sílẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa máa ń sáré gbà tí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bá parí.

Mo ti lọ bá ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Mo ní n kò ní gba owó iṣẹ́, kí ìjọ ra páìpù nìkan. Wọ́n ní kí n ní sùúrù kí á parí pẹpẹ ná. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa, mo ń bẹ̀ wọ́n níwájú gbogbo yín: ẹ jẹ́ kí pẹpẹ dúró. Kí a fi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a sì to àwọn irin àárín rẹ̀ sún mọ́ra. Ní ìlú Ọba, ibi tí ọmọdé kékeré bá ti ń gbà, bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 kò gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín irin méjì. Bí orí ọmọ bá kọjá, ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ wo àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ṣé ìdìmú wà? Ẹ fi ọwọ́ mì í, ṣé ó dúró? Ṣé ọwọ́ yín ká a? Ṣé ó bá yín dé ìpele tó gbẹ̀yìn? Ṣé ẹ lè rí i tí iná bá lọ? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ máa lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Mo ti lọ bá arábìnrin wa. Mo sọ fún un ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ tí a yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé omi lórí àtẹ̀gùn yẹn báyìí ńkọ́? N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo padà lọ bá ọ̀gá náà, mo ní iye owó irin nìkan ni n ó gbà. Kò tíì dá mi lóhùn. Mo ṣì máa padà lọ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn ilé wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe Àmín, ẹ lọ wo àtẹ̀gùn yín.